Ibo gan-an ni ohùn gìtá ti ń jáde?

Láti oṣù Ọ̀wàrà 2025 tí fíìmù nípa Bruce Springsteen, olórin ará Amẹ́ríkà, ti jáde, tí àkójọ orin Nebraska '82 sì bọ́ sígboro lásìkò kan náà, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá rí mú nínú ìtàn náà: ẹ̀rọ tó lò. Ọkùnrin náà jókòó nínú yàrá ìbùsùn ní Colts Neck, New Jersey, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1982, ó lo ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì TEAC 144 pẹ̀lú máíkì Shure SM57 méjì, kásẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni wọ́n sì padà sọ di àwo orin Nebraska, nítorí pé èyí tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ní sitúdíò kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó gbọ́ èyí á ní kí òun náà lọ ra SM57. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé máíkì kan náà síwájú gìtá nínú yàrá bíríkì olórùlé páànù, irú èyí tó pọ̀ ní Kpankou àti káàkiri agbègbè Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ó lè jẹ́ ariwo tó ń hó gùùù ni yóò gbà sílẹ̀. Máíkì kọ́ ló fà á. Ibi tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí ni.

Kí gbígba orin sílẹ̀ nínú ilé má sì dà bí àṣà òkèèrè lójú wa. Ẹgbẹ́ olórin Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou ṣe é dáadáa. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Analog Africa kó àwọn orin tí ẹgbẹ́ náà ṣe láàárín 1972 sí 1975 fún àwọn oníléeṣẹ́ àwo kéékèèké jọ, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé inú ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ Nagra, ẹ̀rọ oníteepu tí wọ́n ń ṣe ní Switzerland, gbà wọ́n sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ owó, wọ́n á gba Èkó lọ, sí sitúdíò EMI. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lo ilé. Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń jó sí orin méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ihò gìtá, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye pọ̀ sí jù lọ. Gìtá tí kò lo iná, tó ní ihò róbótó láyà, ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ gbà pé inú ihò yẹn ni gbogbo ohùn ti ń jáde, nítorí náà ihò ni wọ́n ń na máíkì sí. Bẹ́ẹ̀, okùn tí a ta kò lè ti atẹ́gùn púpọ̀ fúnra rẹ̀, ó ti tínrín jù. Igi kékeré tí a so ìdí okùn mọ́ ló ń gba ìgbọ̀nrìrì náà, òun ló ń mi pákó fẹ́lẹ́ tó wà lójú gìtá, pákó yìí ló sì ń ti atẹ́gùn yàrá síwá sẹ́yìn títí ohùn fi dé etí wa. Ojú pákó náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn ti ń wá.

Kí wá ni iṣẹ́ ihò? Atẹ́gùn tó wà nínú àpótí gìtá ní ohùn tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ èémí gba ẹnu ìgò òfìfo kọjá, ohùn kan ṣoṣo ni ìgò yẹn máa ń fọ̀, kò lè fọ òmíràn àfi tí a bá bu omi sí i. Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ará Jámánì, ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: atẹ́gùn tó wà lẹ́nu ìgò ń lọ ó ń bọ̀, atẹ́gùn inú ìgò sì ń fún pọ̀ ó ń tú sílẹ̀ láti dá a padà. Bí gìtá ṣe rí náà nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ gìtá, ohùn atẹ́gùn inú yìí ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn tó nípọn jù lọ ń gbọ̀n ní ìgbà 82. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìlà irin kẹta lórí ọrùn gìtá, tí í ṣe ohùn G, ó di 98. Ìdí nìyí tí G yẹn fi máa ń wú jáde ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ọ̀pọ̀ orin tí a gbà sílẹ̀ nílé. Ẹ fi páálí pẹlẹbẹ bo ihò náà kí ẹ sì tún un ta: ohùn ìsàlẹ̀ á dín kù púpọ̀, àwọn ohùn òkè kò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2015, nígbà tí Hadi Nia, Nicholas Makris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí síta lórí fáyólìn àti àwọn ohun èlò tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n rí i pé etí ihò ni atẹ́gùn ti ń sáré jù, kì í ṣe àárín rẹ̀. Gígùn etí ihò ló ń pinnu agbára ohùn atẹ́gùn náà ju bí ihò ṣe fẹ̀ tó lọ. Àwọn ihò róbótó àtijọ́ ń gùn sí i, wọ́n ń tínrín sí i láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, títí wọ́n fi di ihò méjì tó tẹ̀ kọrọdọ bíi lẹ́tà f, agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Gìtá kò bá wọn lọ, róbótó ni ihò rẹ̀ dúró sí.

Nítorí náà, ẹni tó bá na máíkì sí ihò ń gba èémí gìtá sílẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Ọ̀ràn náà tún le sí i nítorí pé máíkì tó ń gbọ́ apá kan ṣoṣo, bí SM57, máa ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ńlá bí a bá sún un mọ́ nǹkan jù. Ìwúlé méjì pàdé lójú kan náà. Ibi tí àwọn tó mọṣẹ́ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìlà irin kejìlá, níbi tí ọrùn ń lọ pàdé àpótí, ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí gìtá. Láti ibẹ̀, etí ló kù. Hugh Tracey, tó gba gìtá Mwenda Jean Bosco sílẹ̀ ní Jadotville, ní Kóńgò, ní 1952, máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di máíkì mú, á máa sún un bí etí rẹ̀ ṣe sọ fún un. Bí ẹ bá ní ẹnì kan tó lè bá yín ta gìtá, ẹ ki ohun ìgbọ́hùn bọ etí kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Yàrá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Tí ògiri bíríkì bá wà ní ààbọ̀ mítà lẹ́yìn máíkì, ohùn tó kọjá lára máíkì á lu ògiri, á padà wá lẹ́yìn ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ohùn tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 172, èyí tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ á doríkodò sí ara wọn, wọ́n á sì jẹ ara wọn run. F tó wà lórí okùn kẹrin, ní ìlà irin kẹta, fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Olùta gìtá á máa rò pé ìka òun ni kò lágbára.

Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè yanjú èyí. Ó ti fúyẹ́ jù fún ohùn ìsàlẹ̀. Tìmùtìmù tí a gbé dúró sẹ́yìn máíkì sàn jù ú lọ fíìfíì. Èrò tèmi ni pé àpò àgbàdo tí a tò lé ara wọn, èyí tí ilé àgbẹ̀ kì í wọ́n lẹ́yìn ìkórè, lè ṣe dáadáa, nítorí wọ́n nípọn, atẹ́gùn sì ń ráyè wọ àárín hóró. Ẹ má jókòó sí àárín gbùngbùn yàrá. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mítà mẹ́ta, yàrá fúnra rẹ̀ á máa wú ohùn tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 115 níbẹ̀, ìyẹn sì súnmọ́ ohùn ihò gìtá jù.

Ní ti ẹni tó ń fi fóònù gba orin sílẹ̀, ọ̀pọ̀ áàpù tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló ń gbé ohùn sókè sódò fúnra wọn, tí wọ́n sì ń gé ìrù ohùn okùn nítorí wọ́n kà á sí ariwo. Ẹ wá áàpù tó gbà yín láyè láti pa ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi orin ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé (Document), kì í ṣe bí ohùn.

Àwọn kan á ní kí a lo máíkì méjì kí gìtá lè fẹ̀. Nínú yàrá kékeré, mi ò rò pé ó yẹ kí a fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀: ohùn kan náà á dé ọ̀dọ̀ máíkì méjèèjì ní àsìkò tó yàtọ̀, ìjà tí ògiri ti dá sílẹ̀ á tún wáyé láàárín wọn. Ẹ wá ibi tó tọ́ fún ẹyọ kan ná.