Ọmọ Tuntun Tí Òtútù Mú: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n àti Ohun Tí A Ó Ṣe

Bí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀, wàrà ni ẹbí kọ́kọ́ máa ń wá fún ọmọ. Wàrà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òtútù kì í dúró de wàrà. Ara ọmọ tuntun kéré, kò sì ní ọ̀rá tó. Ooru máa ń tètè kúrò lára rẹ̀, àní nílẹ̀ olóoru bíi tiwa.

Ní ilé ìwòsàn Olabisi Onabanjo University ní Ṣágámù, ìwádìí tí àwọn dókítà gbé jáde ní 2008 fi hàn pé nínú 150 ọmọ tuntun aláìsàn tí wọ́n gbé wá, ara 93 ti tutù kí wọ́n tó dé. Nínú àwọn wọ̀nyí, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó kú. Nínú àwọn yòókù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ni.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn àti ẹsẹ̀ ọmọ. Bí ẹsẹ̀ nìkan bá tutù, òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí méjèèjì bá tutù, ewu dé. Tẹ̀mómítà lábẹ́ abíyá yẹ kí ó wà láàárín 36.5 sí 37.5. Ọmọ náà lè máà lè mu wàrà dáadáa, kí igbe rẹ̀ lọlẹ̀, kí ó máa sùn ṣáá.

Ẹ bọ́ aṣọ tó rin kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dé e ní fìlà, kí ẹ gbé e sí àyà àgbàlagbà, ara kan ara, kí ẹ fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Bàbá, ìyá àgbà tàbí àǹtí lè ṣe é. Ẹ má lo ìgò omi gbígbóná, ẹ má gbé e sún mọ́ iná, ẹ má sì wẹ̀ ẹ́. Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá lè dúró di ọjọ́ kejì.

Bogotá ní Kòlóńbíà ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tó jáde ní 2021: bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ikú àwọn ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó ń dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Bí ikùn bá tutù, tàbí tí ọmọ kò mu wàrà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Sún-kẹẹrẹ ọ̀nà Mòwé sí Ibafo lè pẹ́. Kí ó wà láyà ẹni tó gbé e títí ẹ ó fi dé.

Fìlà, ìborùn àti tẹ̀mómítà kò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n kún ẹrù ọmọ òrukàn. Àyà tí yóò gbé e kì í ṣe ohun tí a ń fowó rà: nígbà tí a bá lọ kí ẹbí, ẹ jẹ́ ká fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é.