Gáà Kú, Ìjà Ò Tán

Ọkọ̀ ojú irin ló fún Abobo Gare lórúkọ. “Gare” ni àwọn Faransé ń pe ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ojú irin tó ti Abidjan lọ dé Ouagadougou sì gba ibẹ̀ kọjá. Lónìí, gbaka ló kún ojú títì, àwọn tó ń pe èrò ń ké “Adjamé! Adjamé!” láti àárọ̀ di alẹ́. Yorùbá pọ̀ láàárín àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Anango ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni bàbá tàbí bàbá bàbá wọn ti wá. Àjọṣe Èjìgbò àti Abidjan ti pẹ́ débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì létí àwọn ará Èjìgbò mọ́.

Ọmọ tí wọ́n bí sí Abobo ń sọ Faransé níléèwé, ó ń sọ Jùlá lọ́jà, àmọ́ tó bá délé, Yorùbá ni ìyá àgbà fi ń bá a wí. Òwe kan sì wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí ẹnì kan bá ń fi agbára rẹ́ ẹlòmíì jẹ: “Bí o láyà, kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́.” Tí ọmọ bá béèrè pé ta ni Gáà, wọ́n á ní ìjòyè ìkà kan ni, Aláàfin ló pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì tó kù ló yẹ kó kan ẹnikẹ́ni tó ń gbé níbi tí èèyàn ti ń du ipò.

ÌJÁNU WÀ LẸ́NU ỌBA

Àwọn tó tẹ ìlú Ọ̀yọ́ Ilé dó mọ̀ pé agbára máa ń gun èèyàn. Wọ́n ní Aláàfin ni igbákejì òrìṣà, síbẹ̀ wọ́n fi ìjánu sí i lẹ́nu. Ìjòyè méje tí wọ́n ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń fi ọba jẹ: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìńnì, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Bí ọba bá ṣàṣejù, Baṣọ̀run tó jẹ́ olórí wọn lè fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Ọba tó bá gba irú àrokò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀.

Àwọn Ògbóni náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Ní ti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun, wọn kì í jẹ́ kó gbé olú ìlú rárá. Ìlú tó wà létí ààlà ni ibùjókòó rẹ̀, kí idà má baà wà nítòsí adé.

Ètò tó dáa ni, àmọ́ àlàfo kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó ṣe tààrà wà láti yọ ọba tó bá burú. Láti yọ Baṣọ̀run tó bá ya ẹhànnà, kò sí èyí tó rọrùn bẹ́ẹ̀. Àlàfo yìí ni Gáà gbà wọlé.

ỌBA MÁRÙN-ÚN, BAṢỌ̀RUN KAN

Ní 1754 ni Gáà di Baṣọ̀run. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921, sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: àwọn ará ìlú fẹ́ràn Gáà níbẹ̀rẹ̀. Ìwà òǹrorò àwọn ọba tó ti jẹ kọjá ti sú wọn, abẹ́ Gáà sì ni wọ́n sá sí. Wọ́n rò pé àwọ́n ti rí aláàbò.

Ó fi Lábísí jọba, ó pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lójú, Lábísí sì para rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 17. Ó fi Awọ́nbíojú jẹ. Ìyẹn kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè rẹ̀, ọjọ́ 130 péré ló sì lò lórí oyè. Agbólúajé tẹ̀ lé e, ó tẹrí ba, àmọ́ ìtẹríba náà kò gbà á sílẹ̀. Májẹ̀ógbé tẹ̀ lé òun náà, ó ń wá oògùn tí yóò fi ṣẹ́gun Gáà títí tí ikú fi mú un lọ.

A máa ń pe irú àwọn ọba bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀ràn náà kọjá ìyẹn. Gáà ti fọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ká gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, àwọn ni wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó wá sí ààfin. Ọba tí kò rówó ná, tí kò sì lọ́mọ ogun tó lè rán níṣẹ́, adé lásán ló dé sórí.

Ìgbà tó kan Abíọ́dún, ó fi sùúrù ṣe é. Láràárọ̀ ló ń lọ kí Gáà nílé. Nígbà tí Gáà ń wá àgbọ̀nrín fi ṣe ètùtù tí kò rí, ọmọ ọba tó ń jẹ́ Àgbọ̀rín ló ní kí wọ́n mú wá dípò ẹran, wọ́n sì pa ọmọ náà. Abíọ́dún gbé e mì. Àmọ́ ó ti ń bá Ọ̀yàbí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́, sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ní 1774, wọ́n dìde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n pa àwọn ọmọ Gáà ní gbogbo ìlú tí wọ́n wà, Ọ̀yàbí sì kó ogun wọ Ọ̀yọ́. Gáà ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, kò lè sá. Ikú tó kú ló di òwe.

OHUN TÍ ÒWE NÁÀ KÒ SỌ

Abíọ́dún ṣàkóso títí di 1789, ìgbà rẹ̀ sì tù ìlú lára. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ṣá: ta ló pa Gáà? Ìgbìmọ̀ kọ́, Ògbóni kọ́, òfin ìlú sì kọ́. Olórí ogun tí àwọn àgbà ní kó má ṣe gbé olú ìlú ni, ọba fúnra rẹ̀ ló sì ké sí i pé kó máa bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo Kakaǹfò ti mọ̀ pé idà lè parí ọ̀rọ̀ ààfin.

Ọdún 22 péré ló gbà kó tó hàn. Aólẹ̀ ló wà lórí oyè, Àfọ̀njá ará Ìlọrin sì ni Kakaǹfò. Aólẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, ó rán an lọ sógun Ìwẹ̀rẹ̀, ìlú tó le láti gbà, nítorí Kakaǹfò tí kò bá ṣẹ́gun kò gbọ́dọ̀ padà wálé láàyè. Àṣírí tú. Àwọn ọmọ ogun yí ojú padà sí ọba, wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ó sì para rẹ̀ ní 1796. Àfọ̀njá retí pé wọn yóò fi òun jọba, wọn kò fi í jẹ. Ó bá gba Ìlọrin mọ́ra, òun náà sì ké sí ará ìta: Àlímì, àlùfáà Fúlàní, àti àwọn jagunjagun tó kó jọ yí i ká. Ní nǹkan bíi 1824, àwọn jagunjagun tó fi ń ṣagbára yẹn ló pa á. Ọmọ Àlímì, Abdulsalami, di ẹ́míà Ìlọrin. Kò ju bí ọdún 12 lọ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi dahoro.

Abíọ́dún pe Ọ̀yàbí, Àfọ̀njá pe Àlímì. Ẹni tí wọ́n pè wá lé aninilára lọ kì í sábà mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́.

IRÚ RẸ̀ NÍLÉ ALÁDÙÚGBÒ

Ẹni tó ń gbé Abobo kò ní láti rìn jìnnà kó tó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Baoulé. Ní 1750, ọdún mẹ́rin ṣáájú Gáà, Opoku Ware ọba Asante kú, ìjà oyè sì bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi. Wọ́n pa Dakon tó ń du ipò, Kusi Obodom ló jókòó sórí àga wúrà. Àwọn Baoulé ní Abla Pokou, arábìnrin Dakon, kò pe ológun kankan. Ńṣe ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí odò Comoé kún dí wọn lọ́nà, ó fi ọmọkùnrin rẹ̀ rúbọ kí wọ́n tó rí i sọdá. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Baoulé ti wá, pé “ọmọ ti kú”. Sakassou ni ààfin wọn wà títí dòní.

Ní 1764, ogun Ọ̀yọ́ àti Dahomey ṣẹ́gun Asante nítòsí Atakpamé, ní ilẹ̀ tó di Togo, Kusi Obodom sì fi oyè sílẹ̀ lọ́dún náà. Gáà ló wà nídìí àkóso Ọ̀yọ́ nígbà yẹn. Lójú ará ìta, Ọ̀yọ́ le bí àpáta. Nínú ilé, kòkòrò ti ń jẹ òpó.

ÀWỌN OBÌNRIN ABOBO

Abobo náà mọ ohun tó ń tẹ̀yìn irú ìjà bẹ́ẹ̀ yọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2010, èèyàn méjì ló búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Côte d'Ivoire, Laurent Gbagbo àti Alassane Ouattara. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2011, àwọn obìnrin ń wọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ ní Abobo, wọ́n yìnbọn lù wọ́n, méje kú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àdó olóró já bọ́ sí àdúgbò ọjà níbẹ̀, èèyàn 25, ó kéré tán, ló kú. Kí ìjà náà tó rọlẹ̀, ó ti pa ẹni tó lé ní 3,000 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Iyán àti attiéké ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá jẹ. Kò sí èyí tó ń du àga nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò pin sí ààfin. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti agbo ilé, gbogbo wọn ló ní olórí tí ọwọ́ rẹ̀ lè rọ, gbogbo wọn ló sì ní ìgbákejì tí ojú rẹ̀ ń wọ àga. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kọ bí wọ́n ṣe lè yọ alága sínú ìwé òfin wọn, wọn kì í kọ bí wọ́n ṣe lè yọ akápò tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wá dójú ẹ̀, wọ́n á sáré lọ bá ọlọ́pàá tàbí ọmọ ìta tó lágbára. Ìgbà tí ara ṣì tù wá ló yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká mọ ẹni tó lè yọ Baṣọ̀run láìjẹ́ pé a pe Kakaǹfò wọlé.