Ọmọ Ọdún Mẹ́tàlá, Físà Méjì àti Ìlẹ̀kùn Ògògà

Lójú àwọn tó ń fúnni ní físà Schengen, ọmọ tó bá ti pé ọdún 12 ti kúrò lọ́mọdé. Bó bá ti pé ọdún 6 àmọ́ tí kò tíì pé 12, yúrò 45 ni yóò san, wọn kì í sì í gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Bó bá ti pé e báyìí, yúrò 90 ni bíi ti ìyá rẹ̀, òun náà á sì wá fi ìka ara rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé 13, a ò rí ẹ̀dínwó kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ Paris tán, ọ̀rọ̀ á yí padà. Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé 18, ibi yòówù kó ti wá. British Museum ní London kì í gbowó ìwọlé lọ́wọ́ ọmọdé àti àgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn tá a jọ ń kọ́ni ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì pé bí wọ́n bá máa mú ọmọ rìn lọ sí Yúróòpù, àárín ọdún 13 sí 17 ló dára jù. Ọmọ ti lè rìn, ó ti lè bèèrè ọ̀rọ̀, kò sì tíì di ẹni tó ń sanwó ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé físà kan kò lè gbé yín dé gbogbo ibẹ̀. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú Schengen, físà kan náà ni ẹ ó sì fi wọ gbogbo wọn, fún ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀, Ireland náà kò sí níbẹ̀. London àti Paris tí àwa fẹ́ lọ, físà méjì nìyẹn, owó méjì, ìwé méjì. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù ni ẹ ó kọ̀wé sí fún Schengen. Bó bá jẹ́ pé iye ọjọ́ kan náà lẹ ó lò ní méjì, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ẹ sì wò ó dáadáa bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ni físà yín gbà yín láyè láti wọlé. Ẹni tó wọ Paris, tó sọdá sí London, tó tún fẹ́ lọ wo Róòmù, ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ wọ Schengen yẹn. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Peckham, ní London, la ó kọ́kọ́ dé, ká tó kọjá sí Paris, ká má baà wọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ìwé adójútòfò tó lè gbé ìtọ́jú àìsàn tó yúrò 30,000 ó kéré tán wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè. Owó inú báǹkì yín, ẹ jẹ́ kó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Èyí tó ṣàdédé já wọ inú àkáǹtì lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ̀wé máa ń fa ìfura ni. Èmi ò sì gba ti àwọn alágbàṣe tó ń pariwo pé físà dájú lọ́wọ́ àwọn. Àwọn kọ́ ló ń fúnni ní físà, bí wọ́n bá sì kọ̀ fún yín, owó tí ẹ san kò ní padà wá.

Ọmọ ní ìwé tiẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún márùn-ún ni ìjọba wa ń fún ẹni tí kò tíì pé 18, ẹ ka ọjọ́ tó máa kú kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń kà ènìyàn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, kí orúkọ orí rẹ̀ sì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń bá ọmọ lọ, èkejì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo gbé bébà síwájú bàbá àwọn ọmọ mi, ńṣe ló wò mí lókè délẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ṣé wọ́n rò pé o fẹ́ jí i gbé ni?" Mo ní ohun tí wọ́n rò gan-an nìyẹn, wọn ò sì jẹ̀bi. Ọmọ tí wọ́n ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kó lọ ta nílùú òkèèrè ò kéré. Ó bu ọwọ́ lù ú.

Ìwé físà kò ṣeé fi sílẹ̀ ní Èkìtì, ìlú ńlá bí Èkó tàbí Àbújá ni. Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ẹ má ṣe gbé ọmọ sọ́kọ̀ òru. Ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sùn sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí.

Gbogbo èyí, ìwé ni. Ibi tí ẹ ó lọ gan-an ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ mi kọ orúkọ ìlú kún ojú ìwé kan: London, Paris, Róòmù, Barcelona, Amsterdam, Berlin, Venice. Mi ò pa ọ̀kankan rẹ́. Mo ní kó kọ ìbéèrè kan síwájú ìlú kọ̀ọ̀kan, ohun tó wù ú láti mọ̀ bó bá débẹ̀. Síwájú Venice, kò rí nǹkan kan kọ. Amsterdam náà, kò rí. Síwájú London, ó kọ pé, "Ṣé a lè rí ibi tí Saka ti ń gbá bọ́ọ̀lù?" Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ni Bukayo Saka, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, kò sì sí òbí Èkìtì tó lè bá ọmọ ọdún 13 jà lórí ìyẹn. Emirates, pápá Arsenal, ti wọlé.

Mo wá fi ìbéèrè tèmi kún un. Mo ní, ìlẹ̀kùn kan wà ní British Museum tó jẹ́ ti ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ló gbẹ́ ẹ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín ọdún 1910 sí 1914. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Wọ́n ní kí Ògògà tà á, Kábíyèsí kò tà. Àga ọba tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Lára igi yẹn, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ ní apá kan. Ní apá kejì, àwọn alárù gbé òyìnbó kan, Captain Ambrose, bọ̀ wá kí i.

Ọmọ náà wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi, ó fi ìka fà á tóbi. "Mọ́mì, ọba ò dìde o. Òyìnbó ló ń bọ̀." Kò sí ìwé tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé London ti dúró. Ṣùgbọ́n kí á tó kúrò nílé, Ìkẹ́rẹ́ la ó kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé kan, ká rí ààfin, ká wo òkè Ọlọ́sunta, kó lè mọ ibi tí ìlẹ̀kùn náà ti kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó ní London, ẹ kọ́kọ́ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò o, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń pàtẹ ní gbogbo ìgbà.

Paris náà ní ìdí tiẹ̀, Ọ̀yẹ́ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1947, ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbí, Father Kevin Carroll ló ń bójú tó o. George Bandele, ọmọ Àrẹ̀ógun ará Ọ̀sì, gbẹ́ igi níbẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìjọba Faransé fún Fákẹ́yẹ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Paris. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba ìgboro Ọ̀yẹ́ kọjá lójoojúmọ́ ni kò gbọ́ ìtàn yìí rí.

Ìlú méjì ti tó. Ẹ má ṣe gbé ọmọ sáré kiri bí ẹni ń ta ọjà ìkiri. Ohun méjì lóòjọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, kó sì ráyè sùn. Ojú irin tó lọ láti London sí Paris ń gba abẹ́ òkun, ihò náà gùn tó kìlómítà 50, ọdún 1994 ni wọ́n ṣí i. Àwọn òṣìṣẹ́ Faransé máa yẹ páásípọ́ọ̀tù yín wò nínú ibùdókọ̀ St Pancras ní London kí ẹ tó wọkọ̀. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì yín ṣáájú, owó rẹ̀ á dínkù. Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí ẹ lè lọ wo ilé ìṣọ́ Eiffel nìyẹn. Bí oúnjẹ ibẹ̀ bá sú yín, ẹ lọ sí àdúgbò Château Rouge, ẹ ó rí àwọn tó ń ta iṣu àti ata.

Ìyá mi ní Ìkọ̀lé ti bẹ̀rẹ̀ sí yan òyà sílẹ̀ fún àbúrò mi. Mo ṣàlàyé pé wọn kò gba ẹran àti wàrà wọlé láti ọ̀dọ̀ wa, yálà ní London tàbí ní Paris, wọ́n á gbà á sọnù ni. Ìyá ní, "Wọ́n gba odindi ìlẹ̀kùn ọba wọlé, òyà ni wọn ò gbà?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mo ní kí wọ́n fi òyà náà ránṣẹ́ sí mi ní Ọ̀yẹ́.