Òróró Ewé Kì í Ṣe Fún Ara Ológbò

Ní ọdún tó kọjá, ológbò mi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí mo tú irun ọrùn rẹ̀ wò, mo rí àwọn kòkòrò dúdú tíntìntín tí wọ́n ń fò. Wọn kì í ṣe eégbọn, nítorí eégbọn a máa lẹ̀ pinpin síbi tó ti ń mu ẹ̀jẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ṣeé dì mú.

Inú ilé tí a ti ń fi ewé efinrin lé ẹ̀fọn ni mo dàgbà sí. Nítorí náà, mo pinnu pé n kò ní fi kẹ́míkà kankan kan ara ẹran ọ̀sìn mi. Mo ra òróró tea tree, èyí tí wọ́n ń sè jáde láti inú ewé igi kan tó ń hù ní Ọsirélíà, mo sì fi pa á lẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbé e mọ́.

Dókítà àwọn ẹranko tí mo sáré gbé e lọ bá bi mí pé, "Kí ni ẹ fi pa á lára?"

Mo ní, "Ewé lásán ni, mà."

Ó mi orí. "Ewé kọ́ lẹ fi pa á. Agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé lẹ kó jọ sínú ẹ̀kán òróró díẹ̀."

Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti ajá ní èròjà kan tí ń tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ká, kí ara lè tọ̀ ọ́ dànù. Ti ológbò kò ní in tó. Ológbò a sì máa fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀, nítorí náà ohun tí a fi pa á lára di ohun tí ó gbé mì. Òróró kànáfùrù àti ti efinrin pẹ̀lú léwu fún un. Ajá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òróró tea tree tí a kò fi nǹkan là. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn ajá tó ní permethrin nínú lè pa ológbò.

Wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo fọ òróró náà kúrò, wọ́n sì fa omi sí i lára. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó jẹun.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Díẹ̀ ni kòkòrò tó wà lára ẹran. Inú ilé ni ìyókù wà. Abo kan lè yé ẹyin 40 lóòjọ́, àwọn ẹyin náà a sì já sílẹ̀ sórí ẹní, kápẹ́ẹ̀tì àti tìmùtìmù. Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí nìyí:

- Mo ń fi ìyarun eléyín tín-ín-rín ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì ń ri kòkòrò tó bá jáde sínú omi ọṣẹ.
- Mo ń fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń sá a sóòrùn.
- Mo ń gbálẹ̀ dé abẹ́ àga àti ibùsùn.
- Oògùn tí dókítà bá fi ìwọ̀n ara rẹ̀ díwọ̀n nìkan ni mo ń lò.

Bí irú àṣìṣe mi bá ṣe yín, ẹ fi ọṣẹ fọ òróró náà kúrò, ẹ má fipá mú un bì, kí ẹ sì gbé e pẹ̀lú ìgò òróró náà lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀.

Efinrin ṣì wà lẹ́yìnkùlé mi. Ọbẹ̀ ni mo ń fi sè.