Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Fúlúù kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀fìnkìn fún gbogbo ènìyàn

"Fúlúù lásán ni," la sábà máa ń sọ. Lóòótọ́, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le lè dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó sì dìde. Àmọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àìsàn èémí tí fúlúù ń fà ń pa ènìyàn 290,000 sí 650,000 lọ́dọọdún.

Ewu rẹ̀ pọ̀ fún àgbàlagbà, torí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ti dínkù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọdé, àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée, àrùn ọkàn tàbí fòníkú-fọ̀ladìde.

Ọ̀rọ̀ aboyún ló ká mi lára jù. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣekún tẹ́lẹ̀, ikùn tó ń ga sì ń fún ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ní ti ọmọ tó fẹ́ bí, wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù. Èyí tí ìyá bá gbà nínú oyún ló ń dáàbò bò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, tí fúlúù bá mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, tí mímí sì ń nira fún un, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ni oògùn fúlúù ń ṣiṣẹ́ jù.