Ètò Ṣáájú Kámẹ́rà: Bí Ẹni tí ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Ya Fíìmù Ìṣẹ̀lẹ̀ Gidi

Ohun kan wà ní ìdí ìkòkò aró tí ojú kì í tètè gbàgbé. Nígbà tí aláró bá fa aṣọ funfun tí ó kọ́kọ́ rì jáde láti inú aró ẹ̀lú tí ó gbó dáradára, aṣọ náà kì í jáde ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, àwọ̀ ewé náà a bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, àwọ̀ aró a sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni tí ń wò ó. Kì í pẹ́ kí ìyípadà yìí tó parí. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà wá, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àkókò yẹn gan-an ni ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀, ti pàdánù rẹ̀. Ó lè bẹ aláró pé kí ó tún aṣọ náà rì, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ti mu aró kò lè padà di funfun mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọ ọjà. Ibí yìí ni fíìmù eré àti fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní dọ́kúmẹ́ńtárì, ti pín níyà. Nínú eré, olùdarí lè ní kí òṣèré sunkún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá títí ẹkún náà yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ ẹni kì í dúró de kámẹ́rà. Nítorí náà, ìdá tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni ó yẹ kí ó ti parí kí kámẹ́rà tó jáde nínú àpò rẹ̀. Ní ìsinsìnyí tí fóònù ọwọ́ ẹni lè ya fídíò, kámẹ́rà kọ́ ni ó wọ́n. Ètò ni ó wọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ nínú ètò ni ìbéèrè tí fíìmù yóò dáhùn. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ pé àwọn fẹ́ ya fíìmù nípa “àdìrẹ ní Abẹ́òkúta,” wọn kò tí ì ní fíìmù kankan. Ìlú odindi ni wọ́n dì sínú gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè pé, “Báwo ni ìyá àgbà kan ṣe ń mọ̀ pé aró wọn ti gbó, ta ni ó sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn?” wọ́n ti ní ẹni tí wọn yóò tẹ̀ lé, wọ́n ti ní ohun tí wọn yóò máa ṣọ́, wọ́n sì ti mọ ohun tí ó lè sọnù. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí ó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo sàn ju ti wákàtí kan tí kò dáhùn ọ̀kankan lọ.

Ìrírí Robert Flaherty, ọmọ Amẹ́ríkà, fi èyí hàn. Ó ti kọ́kọ́ ya àwòrán púpọ̀ nípa àwọn ará Inuit ní ìhà àríwá Kánádà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1916 iná sìgá rẹ̀ ràn mọ́ fíìmù náà, ó sì jó o. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù kò tẹ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn, nítorí pé àwòrán ibí àti ti ọ̀hún lásán ni, kò sí okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ó padà lọ ní ọdún 1920, ó pinnu láti tẹ̀ lé ọdẹ kan ṣoṣo àti ìdílé rẹ̀. Fíìmù tí ó ti ibẹ̀ jáde ní ọdún 1922, Nanook of the North, ni ó sọ ọ́ di olókìkí.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni ìbẹ̀wò, láìgbé kámẹ́rà dání. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ìbẹ̀wò yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí ìyá aláró, tí wọn yóò sọ ohun tí wọ́n ń wá, tí wọn yóò sì jókòó wo iṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Wọn yóò rí i pé iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní láti gún ewé ẹ̀lú, kí wọ́n ṣù ú, kí wọ́n sì sá a gbẹ. Wọ́n ní láti sẹ́ omi eérú. Ẹ̀lú sì ní láti wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gbó. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ìyẹ́ adìẹ ni wọn yóò fi ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ẹ̀kọ náà yóò sì gbẹ kí aṣọ tó wọ inú aró. Ẹni tí kò bá kọ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ yóò dé ní ọjọ́ tí ìkòkò wà ní ìdérí, kò sì ní rí ohunkóhun yà.

Ìbẹ̀wò náà ni yóò fi òtítọ́ ibẹ̀ hàn. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ aláró ni ó ń lo aró òyìnbó àti sódà dípò ẹ̀lú àti omi eérú. Ìdẹwò ńlá ni èyí fún ẹni tí ó fẹ́ kí fíìmù òun rí bí ti ayé àtijọ́: ó lè sọ pé kí ìyá gbé agolo sódà pa mọ́. Flaherty kò yẹra fún irú ìdẹwò bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọkùnrin tí ó pè ní Nanook gan-an ni Allakariallak. Ó mú kí ó fi ọ̀kọ̀ ṣọdẹ bí ti àwọn baba ńlá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà. Ó mú kí wọ́n kọ́ ààbọ̀ ilé yìnyín kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé fún kámẹ́rà, kò sì sọ fún òǹwòran. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí fíìmù náà ti jáde, wọ́n ṣì ń bá a rojọ́ lórí ọ̀ràn yìí. Bí sódà bá wà níbẹ̀, kí kámẹ́rà rí sódà. Bí wọ́n bá tún nǹkan ṣe nítorí kámẹ́rà, kí fíìmù sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyọ̀ǹda ni ó kàn. Kí wọ́n ṣàlàyé fún ìyá ibi tí fíìmù náà yóò dé, ẹni tí yóò wò ó, àti bóyá owó yóò ti inú rẹ̀ wá. Bí àdàlù kan bá wà tí ó jẹ́ àṣírí ìdílé wọn, tí wọ́n sì ní kí kámẹ́rà má ṣe dé ibẹ̀, kí ó má dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá fi sílẹ̀ nítorí fíìmù jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ó tọ́ kí wọ́n ti jíròrò lórí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ yíyà bá pé, kí kámẹ́rà wà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí fóònù bá ni, kí ó wà ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n sì ti ìpè pa. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò ó kéré tán àwòrán mẹ́rin: gbogbo àgbàlá láti òkèèrè, ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ láti ìtòsí, ojú ẹni tí ń ṣe é, àti ohun tí iṣẹ́ náà yọrí sí. Kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ó kéré tán. Ní ti aró, kí wọ́n ṣọ́ra fún àwọ̀. Kámẹ́rà máa ń díye lé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí aṣọ aró bá kún ojú rẹ̀, ó lè ṣe bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ni ó ní àwọ̀ aró, kí ó sì ba àwọ̀ aṣọ jẹ́. Oògùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé ìwé funfun sí ibi iṣẹ́, kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì so àwọ̀ náà mọ́ ojú kan. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n ti ń yà á ní Nàìjíríà, kí kámẹ́rà máa ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ojú rẹ̀ sì máa là fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé iná náà ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí kì í jẹ́ kí àwòrán máa ṣẹ́jú.

Ohùn ni àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òǹwòran a máa fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ ju ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ lọ. Òórùn wà lára ohun tí ìyá fi ń mọ̀ pé aró ti gbó, kámẹ́rà kò sì lè gbóòórùn. Ẹnu ìyá nìkan ni ó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ òǹwòran. Nítorí náà, kí máíkì wà ní àyà wọn, kí ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà, kí wọ́n sì gba ìdákẹ́jẹ́ àgbàlá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, nítorí yóò wúlò nígbà títò. Kí ìbéèrè má ṣe jẹ́ èyí tí “bẹ́ẹ̀ ni” lè dáhùn. “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ti ìkòkò kan tí ó kọ̀ tí kò gbó fún wa,” yóò mú ìtàn wá. Lẹ́yìn ìbéèrè, kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà kì í sáré.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pa ohunkóhun rẹ́. Sìgá Flaherty ti kọ́ aráyé ní ẹ̀kọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni títò: kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì yọ èyí tí kò dáhùn ìbéèrè kúrò, bí ó ti wù kí ó dára tó.

Nígbà tí ó bá parí, ìyá ni kí ó kọ́kọ́ wò ó kí ará ìta tó wò ó. Wọ́n lè sọ pé, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí,” tàbí pé aró tí wọ́n rí yẹn kò tí ì gbó nígbà náà. Àtúnṣe tí ó ti ẹnu wọn jáde ṣe iyebíye, nítorí lọ́jọ́ kan fíìmù náà lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ọmọ tí kò bá wọn láyé yóò ti rí ọwọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá purọ́, irọ́ ni ọmọ náà yóò kọ́. Ojú tí ó ti jókòó ti ìkòkò aró kí kámẹ́rà tó débẹ̀ ni ó mọ ìgbà tí aṣọ fẹ́ jáde, òun náà ni ó sì lè fi òótọ́ rẹ̀ han ẹlòmíràn.