Orúkọ Ọlọ́run Lẹ́nu Àwọn Tí A Pè Ní Kèfèrí

Ẹni tí ó bá wọ ilé ìsìn tí a ti ń fi èdè Gã wàásù ní ìlú Accra yóò gbọ́ orúkọ kan lẹ́nu oníwàásù àti lẹ́nu akọrin: Nyɔŋmɔ. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn Gã fi ń pe òjò. A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ bá wa rò ó, nítorí ó kan ohun tí ẹ ń sọ fún ọmọ ilé-ìwé nípa àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ní ọdún 1850 ni Johannes Zimmermann, ará Jámánì, òjíṣẹ́ Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere ti Basel, dé Osu, tí ó jẹ́ apá kan Accra lónìí. Nígbà tí ó fi di ọdún 1866, Bíbélì ti wà lódindi ní èdè Gã. Zimmermann kò gbé orúkọ Ẹlẹ́dàá wá láti ìlú rẹ̀. Nyɔŋmɔ ni ó kọ, orúkọ tí àwọn wulomo, èyíinì ni àwọn àwòrò ilẹ̀ Gã, ń pè nínú àdúrà wọn. Ataa Naa Nyɔŋmɔ ni wọ́n ń wí, bí ẹni tí ń ké pe Bàbá àti Ìyá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ sì wò ó! Ẹgbẹ́ Basel yìí kan náà ni ó tẹ àdúgbò ọ̀tọ̀ dó fún àwọn onígbàgbọ́ ní Osu, tí wọ́n ń pè ní Salem, kí ìwà kèfèrí má bàa ràn wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi ń gbàdúrà ní Salem, inú ìlú tí wọ́n yà kúrò nínú rẹ̀ ni ó ti wá.

Lórí òkè Akuapem, Christaller ṣe bákan náà. Bíbélì Twi parí ní ọdún 1871. Ní 1879 ó tẹ òwe Twi bí 3,600 jáde. Ẹni tí ó gbà pé kìkì òkùnkùn ni ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn kan kì í ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ìwé Mímọ́ kò lòdì sí èyí. Aláfọ̀ṣẹ ni Balaamu, síbẹ̀ ó súre tí Ọlọ́run fi sí i lẹ́nu. Kirusi ọba Pasia kò mọ Ọlọ́run Ísírẹ́lì, síbẹ̀ a pè é ní ẹni àmì òróró. Ní Atẹni, Pọ́ọ̀lù kò wó pẹpẹ Ọlọ́run àìmọ̀; ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀.

A kò wí pé gbogbo ìṣe àtijọ́ ni ó dára. Ìsìn kan wà ní ẹkùn Volta tí ó ń so ọmọbìnrin mọ́ ojúbọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ará ilé rẹ̀. Òfin Gánà sọ ọ́ di ọ̀ràn ní ọdún 1998, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra pẹ̀lú ẹni tí ń ṣe ìdájọ́. Nínú Bíbélì Yorùbá tí ó parí ní 1884, Ọlọ́run àwọn baba wa di Ọlọ́run Ábúráhámù, Èṣù wọn sì di ọ̀tá Ọlọ́run. Ta ni ó bi àwọn babaláwo léèrè bí Èṣù tí wọ́n mọ̀ nìyẹn?

J. B. Danquah ti ṣe ìwé lórí bí àwọn Akan ti mọ Ọlọ́run ní 1944. Bọ́lájí Ìdòwú ṣe tiwa, lórí Olódùmarè, ní 1962. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dá ọmọ lóhùn nígbà tí ó bá béèrè bóyá àwọn baba ńlá òun mọ Ọlọ́run, ó lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.